Kí Ọdún Méjì Má Ṣòfò: Ọ̀nà Tó Yẹ Kó Já Láti Pólì àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dé Yunifásítì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àpéjọ àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Redemption Camp, Mowe, Ìpínlẹ̀ Ògùn

   

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò àpéjọ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọmọ wa ń gbà ní pólì àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ṣe lè gbé wọn wọ yunifásítì láìsí ìdádúró àti láìsí àdánù. Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ àwa àgbà wà lọ́jà.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Ọmọ tó fẹ́ gba pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí yunifásítì, kò yẹ kó kàwé tán kó tó mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á àti ibi tí wọ́n á fi í sí. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ló yẹ kó ti jókòó, kí wọ́n ti fẹnu kò, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ náà tó ra fọ́ọ̀mù rárá. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹnu ọ̀nà méjì sí yunifásítì

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá JAMB sílẹ̀ ní 1978 ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí yunifásítì ti wà lábẹ́ àjọ náà. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀ lónìí. Ọ̀kan ni ìdánwò UTME tí gbogbo ilé mọ̀, tó ń gbé ọmọ wọ ọdún kìíní, ìyẹn 100 Level. Èkejì ni Direct Entry. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kò ní jókòó ṣe UTME, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí kan tó ga ju ti girama lọ dání. Irú rẹ̀ ni ND tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní OND, tí ọmọ ń fi ọdún méjì gbà ní pólì. NCE náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń bójú tó, àti JUPEB, tí Yunifásítì Èkó àti àwọn yunifásítì mìíràn para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 2014. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà kejì yìí wọlé, 200 Level ni wọ́n sábà máa ń fi í sí.

Ẹ fiyè sí ìyàtọ̀ kan. Àwọn yunifásítì fúnra wọn ló wà nídìí JUPEB àti IJMB. Àwọn ló mọ ohun tí ọmọ kà, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe dán an wò, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í bá a jiyàn tó bá dé ẹnu ọ̀nà wọn. ND àti NCE kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n dá àwọn yẹn sílẹ̀ fún: ND fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti ti ọ́fíìsì, NCE fún olùkọ́. Iṣẹ́ tó níyì ni méjèèjì. Ọjọ́ tí ọmọ bá gbé wọn dé yunifásítì ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó ṣe JUPEB lo ọdún kan, ó wọ 200 Level. Ọmọ tó ṣe ND lo ọdún méjì, 200 Level kan náà ló wọ̀. Ọmọ tó ṣe NCE lo ọdún mẹ́ta, ibẹ̀ náà ló já sí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́, ti JUPEB á jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ti ND lẹ́yìn márùn-ún, ti NCE lẹ́yìn mẹ́fà. Ẹni tó ṣe ND, tó fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, tó tún padà ṣe HND ọlọ́dún méjì ní pólì, ti lo ọdún márùn-ún kó tó débẹ̀. Bí yunifásítì bá fi í sí 300 Level, ọdún méje ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ní 200 Level ni kó wọ̀, ọdún mẹ́jọ nìyẹn, fún ohun tí ẹlòmíràn fi mẹ́rin ṣe. Mi ò tíì ka ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn o.

Ẹ̀kọ́ tí Yaba kọ́ wa

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1932 ni ìjọba amúnisìn dá Yaba Higher College sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1934. E. R. J. Hussey, tó jẹ́ olórí ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọ̀gbìn, iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n dìpúlọ́mà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, Nàìjíríà nìkan ló ti níyì. Ẹni tó kọ́ ìṣègùn fún ọdún gbọọrọ, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n ń fi í ṣe. Kò sí yunifásítì kan tó bá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fẹnu kò pé òun á ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí dìgírì.

Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí ò gbà. Ìbínú lórí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement ní 1934, èyí tó padà di Nigerian Youth Movement. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Akinsanya yìí ló padà gorí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ọdẹ́mọ ti Ìṣarà ní Rẹ́mọ, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà náà kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọmọ wa ń béèrè báyìí: ìwé tí mo kà yìí, ibo ló ń gbé mi lọ?

Ní 1948, nǹkan yí padà. Wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Kenneth Mellanby sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. 104 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpìlẹ̀ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bá Yunifásítì London ṣe àdéhùn: London á fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń kọ́, á bá wọn bójú tó ìdánwò, á sì fún ẹni tó bá yege ní dìgírì tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí di 1962 tí Ìbàdàn fi dá dúró gẹ́gẹ́ bí yunifásítì.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ tó wà ní Yaba lánàá náà ló dé Ìbàdàn lónìí. Kò pààrọ̀ ọpọlọ lójú ọ̀nà. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ ló yàtọ̀. Níbi tí kò ti sí àdéhùn, òpin ọ̀nà ni dìpúlọ́mà rẹ̀ jẹ́. Níbi tí àdéhùn ti wà, ọ̀nà já dé London.

Ní àyíká wa níbí

A ò ní láti lọ jìnnà. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní 1959, àwọn ìjọ Adventist ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje péré. Nígbà tó yá, wọ́n bá Yunifásítì Andrews ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ṣe àdéhùn, ọmọ sì lè jókòó sí Ìlíṣàn kó gba dìgírì Andrews. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ló di Yunifásítì Babcock ní 1999, ọ̀kan lára àwọn yunifásítì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Ifẹ̀: olùkọ́ tó kàwé ní Oǹdó, dìgírì Ifẹ̀ ló gbà. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Federal College of Education bá Yunifásítì Ìbàdàn ṣe irú àdéhùn kan náà.

Ẹ̀rí kan sì tún wà tó sún mọ́ gbogbo wa nínú ọgbà yìí. Pásítọ̀ Enoch Adejare Adeboye, Alábòójútó Àgbà ìjọ Redeemed, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Wàhálà tó padà di ogun abẹ́lé ni kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ níbẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ti gba dìgírì wọn ní 1967. Wọ́n gba másítàsì ní Yunifásítì Èkó ní 1969, wọ́n sì di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1975. Ká ní kò sí yunifásítì tó gbà wọ́n kí wọ́n máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ nígbà yẹn, bóyá ìtàn ì bá yàtọ̀. Nígbà ogun pàápàá, ọ̀nà já fún ọmọ tó ń kàwé. Kí ló dé tí kò fi ní já nígbà àlàáfíà?

Ibi tí ọ̀nà ti dí

Kí ló fà á tí ọ̀nà kò fi já geere? Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú bí a ṣe tò ó. Àjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ gíga wa. NUC ló ni yunifásítì, láti 1962. NBTE ló ni pólì, láti 1977. NCCE ló ni kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, láti 1989. Kálukú ló ń kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kálukú ló ń yan ìwọ̀n tirẹ̀. Àárín wọn ni ọmọ wa ń gbà kọjá.

Ìdí kejì ni pé a kì í fi kọ́ọ̀sì wé kọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí a tẹjú mọ́ ọmọ kan tó ń kọ́ ìṣirò owó ní pólì. Ní sáà àkọ́kọ́, ó ṣe ACC 111. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ owó tó wọlé sápá kan àti èyí tó jáde sápá kejì; ó kọ́ lẹ́jà; ó kọ́ bí apá méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ bára mu kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ṣe GNS 101 tó jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì kọjá, ó gba Upper Credit, ó dé yunifásítì. Níbẹ̀, ACC 101 ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ yẹn, GST 111 sì ni wọ́n ń pe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́jà kan náà ni, gírámà kan náà ni. Ẹ̀ka kan á ní kò sí wàhálà, kó máa lọ sí 200 Level. Ẹ̀ka mìíràn á ní kó padà lọ jókòó ti àwọn ọmọ 100 Level kó tún un ṣe. Ti GST yẹn, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, dandan ni, bí ọmọ bá tilẹ̀ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní pólì. Ọmọ náà á wá máa sáré láàrin kíláàsì méjì tí àkókò wọn forí gbárí, ìyẹn ló sì ń bí carry-over, kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, fún ọmọ tí kì í ṣe olódo.

Ìdí kẹta ni ìwọ̀n máàkì. Mẹ́rin ni pólì fi ń wọn CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ọmọ: 3.50 sókè ni Distinction, 3.00 dé 3.49 ni Upper Credit, 2.50 dé 2.99 ni Lower Credit. Márùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń wọn tiwọn. Nígbà tí ọmọ bá gbé 3.20 lórí mẹ́rin dé, kí ni yóò jẹ́ lórí márùn-ún? Yunifásítì kan á ní Upper Credit ló kéré jù lọ tí òun á gbà. Òmíràn á gba Lower Credit. Òmíràn ò tilẹ̀ ní fẹ́ rí ND sójú fún àwọn ẹ̀kọ́ kan. Ọmọ tó wà ní Ibafo, níbo ló ti máa mọ gbogbo ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ìdí kẹrin ni àkókò àti ìwé. JAMB ní ọjọ́ tó ń ṣí fọ́ọ̀mù Direct Entry àti ọjọ́ tó ń tì í. Bí èsì ND bá pẹ́ jáde, fọ́ọ̀mù ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Bí transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì ọmọ, bá há sí ọ́fíìsì kan, kò sí bí ọmọ ṣe fẹ́ já ara rẹ̀ gbà. Mo mọ àwọn òbí tó ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ kan nítorí ìwé ojú kan péré, títí ìyá ọmọ fi ń mọ orúkọ gbogbo akọ̀wé tó wà níbẹ̀. Ọdún ọmọ ló ń lọ lórí ìjókòó yẹn.

Ohun tí wọ́n ṣe ní ibòmíràn

Ní Amẹ́ríkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti lè fi ọdún méjì gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní associate degree. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti Maryland mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni owó wọn ká. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú wọn, Joliet Junior College ní Illinois, 1901 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Ẹni méjì ló jọ gbìmọ̀ rẹ̀: J. Stanley Brown, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama Joliet, àti William Rainey Harper, ààrẹ Yunifásítì Chicago. Láti ọjọ́ kìíní ni ẹni tó máa gba ọmọ wọlé lọ́la ti jókòó ti ẹni tó ń kọ́ ọ lónìí.

Ní 1971, Ìpínlẹ̀ Florida fi í sínú òfin: ọmọ tó bá gba associate degree tó yẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ náà, àyè wà fún un ní yunifásítì ìjọba níbẹ̀, ọdún méjì sì ni ìyókù ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọn kò ṣèlérí yunifásítì tàbí ẹ̀ka tó wu ọmọ gan-an fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ṣèlérí pé kò ní dúró síta. Wọ́n fún kọ́ọ̀sì kan náà ní nọ́ńbà kan náà káàkiri ìpínlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa béèrè bóyá ACC ti ibí ni ACC ti ọ̀hún. Ní 2010, California ṣe òfin tó jọ ọ́: yúnìtì 60 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, yúnìtì 60 ní yunifásítì ìpínlẹ̀, dìgírì délẹ̀.

Ṣé gbogbo rẹ̀ wá gún régé ní Amẹ́ríkà? Rárá o. Ní 2017, GAO, àjọ tó ń bá àwọn aṣòfin wọn yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé ìròyìn jáde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ láàrin 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún yúnìtì tí wọ́n ti ṣe. Ìyẹn fi hàn wá pé níní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan kò tó. Àdéhùn tó ṣe kedere ló ń dáàbò bo ọmọ, yálà ó wà ní Florida tàbí ní Mowe.

Ṣé kí gbogbo pólì di yunifásítì ni?

Àwọn kan á ní ọ̀nà àbáyọ kúkúrú wà: kí a sọ gbogbo pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì di yunifásítì. A ti ń ṣe é. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tai Solarin di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní 2005. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adeniran Ogunsanya ní Ìjanikin di ara yunifásítì ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Ní 2017, wọ́n ní kí Moshood Abiola Polytechnic ní Abẹ́òkúta náà di yunifásítì. Ọ̀rọ̀ di awuyewuye, ilé ẹ̀kọ́ náà sì padà jẹ́ pólì.

Èmi ò bá àwọn tó yí padà jà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá lọ, ta ló kù tó máa gba ọmọ tí máàkì UTME rẹ̀ kò tó, ọmọ tí owó ilé rẹ̀ kò ká yunifásítì, ìyàwó ilé tó fẹ́ máa kàwé lẹ́bàá ilé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tó ń lò? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí pólì máa jẹ́ pólì, kí ND máa níyì lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á ni kò ní fẹ́ lọ sí yunifásítì rárá, wọn ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn tó bá fẹ́ lọ ni mo ń gbẹnu sọ fún.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ní ẹ̀rù tiwọn: wọ́n ní ìpele ẹ̀kọ́ á wálẹ̀ bí a bá gba ọmọ wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù yẹn yẹ ká gbọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí yunifásítì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó rí ohun tí wọ́n ń kọ́, kó bá wọn wo ìwé ìdánwò, gẹ́gẹ́ bí London ti ṣe fún Ìbàdàn. Ẹni tó bá wà nídìí oúnjẹ nígbà tí wọ́n ń sè é kò ní bẹ̀rù àtijẹ ẹ́. Ní 2023 pàápàá, NBTE kéde ètò ọlọ́dún kan tí ẹni tó ní HND lè fi gba dìgírì láti yunifásítì òkè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn ará òkèèrè bá lè ka HND wa kún, kí ló yẹ kó dí yunifásítì tó wà lẹ́yìnkùlé wa lọ́wọ́?

Ohun tó yẹ kí kálukú ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, ẹ pín in sí òpó mẹ́ta. Nínú òpó kìíní, ẹ kọ kọ́ọ̀sì tí pólì ń kọ́. Nínú ìkejì, ẹ kọ kọ́ọ̀sì yunifásítì tí ẹ gbà pé ó dúró fún. Nínú ìkẹta, ẹ kọ ohun tó kù fún ọmọ láti ṣe. Ẹ kọ máàkì tó kéré jù lọ sísàlẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìgbaniwọlé yín, kí gbogbo èèyàn rí i. Ìwé ojú kan yẹn á gba ọmọ là ju ìwàásù ọlọ́dún mẹ́wàá lọ.

Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde ní 2022, tí wọ́n ń pè ní CCMAS, sì ti fún yunifásítì láyè. NUC kọ ìdá 70, ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti kọ bó ṣe fẹ́. Ẹ lo ìdá 30 yẹn láti fi bá àwọn pólì tó yí yín ká ṣe ohun tó bára mu.

Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Níbi tí bàbá ọmọ méjèèjì ti jẹ́ ẹnì kan náà ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni Moshood Abiola Polytechnic ní Abẹ́òkúta, òun náà ló ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò nílò àṣẹ Àbújá kó tó ní kí ọmọ òun méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀. Nínú ọgbà yìí kan náà, Redeemer's College of Technology and Management wà níbí tó ń kọ́ni ní ND. Redeemer's University, ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà láàrin wọn wà lákọsílẹ̀, kó hàn sí gbogbo òbí, kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì, máàkì sí máàkì. Mountain Top University náà kò jìnnà sí wa ní ìhà Ibafo. Àyè wà fún un nídìí tábìlì yìí.

Ẹ̀yin aláṣẹ NUC, NBTE àti NCCE, ohùn wa á dé etí yín: ẹ gbé tábìlì ìwọ̀n kan ṣoṣo jáde tó sọ ohun tí CGPA orí mẹ́rin jẹ́ lórí márùn-ún, kí ó sì kan gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí transcript máa gba orí kọ̀ǹpútà lọ láti ilé ẹ̀kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí ọmọ bá ti béèrè.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé NBTE tàbí NCCE ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi fẹ́ kọ́ yìí gan-an? Yunifásítì wo ló ń gba ìwé yín, fún ẹ̀kọ́ wo? Ìpele wo ni wọ́n ń fi wọ́n sí, máàkì mélòó sì ni wọ́n ń béèrè? Níbo ni ẹ kọ ọ́ sí kí n kà á? Bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọn ò lè dáhùn ìkẹrin, ẹ má tíì mú owó jáde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Àdéhùn kò lè gbé ọmọ tó gba Pass wọ ibi tí wọ́n ti ń béèrè Upper Credit. Sáà àkọ́kọ́ ni CGPA ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í dúró de sáà tó kẹ́yìn. Ẹ rí i pé kírẹ́díìtì márùn-ún inú WAEC yín pé, kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà níbẹ̀, nítorí ND kò lè bo àléébù ìyẹn. Ẹ tọ́jú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ yín, èyí tó sọ ohun tí wọ́n kọ́ yín nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí yunifásítì bá béèrè rẹ̀, ẹ ó dúpẹ́ pé ẹ kò jù ú nù.

Ìparí

  

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn ọmọ tiwa ti gbà kí a kọ́ wọn. Wọ́n ti lọ sí pólì, wọ́n ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ti kàwé. Ohun tó kù, ọwọ́ àwa àgbà ló wà. Kí àpéjọ yìí tó tú ká lónìí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré kan láti inú àwọn òbí àti olùkọ́, kí wọ́n gbé ìwé òpó mẹ́ta yẹn lọ bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó yí wa ká, kí wọ́n má sì padà wálé láìsí ìfọwọ́sí.

 Olúwa á dá ọmọ wa sí fún wa, a ò sì ní ṣiṣẹ́ àṣedànù lórí wọn.